Ẹ Má Sọ Máàpù Ẹranko Di Máàpù Ọdẹ

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá láti ìgbà ìrúwé tó kọjá, a sì ti ń gbé e mì nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ó kàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ síta, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí má ṣe bínú sí wa.

Ọ̀kan nínú wa rí òwìwí kan tó ń sàba lórí igi ńlá ní ọgbà kan lẹ́bàá ìlú Houston yìí. A kò ní dárúkọ ọgbà náà, nítorí ohun tí a fẹ́ bá wí gan-an nìyẹn. Inú arákùnrin wa dùn, ó ya àwòrán, ó fi àmì sí ojú ibẹ̀ gan-an lórí máàpù inú fóònù rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Kí a tó ṣe ìsìn tán ní ọjọ́ Ìsinmi, àmì náà ti dé Alief, ó ti dé Missouri City, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a kò mọ̀ rí. Àwọn kan gba ibẹ̀ lọ tààrà láti ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú gèlè àti agbádá. Wọ́n dúró sábẹ́ igi náà, wọ́n ń pariwo, àwọn ọmọdé ń ju ẹ̀ka igi sókè kí ẹyẹ náà lè yíjú sí kámẹ́rà. Ẹnìkan tilẹ̀ tan igbe òwìwí láti inú fóònù rẹ̀, ó ń fi í pè é bí ẹni ń pe ajá. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìtẹ́ náà ti ṣófo. A kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àwa ni a lé e lọ, nítorí ìjì a máa tú ìtẹ́, ẹranko mìíràn a sì máa kó ẹyin jẹ. Ṣùgbọ́n nínú àwa tí a rí bí nǹkan ṣe lọ, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá láre.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé bí ó bá jẹ́ nílé ni, ta ni yóò lọ dúró sábẹ́ òwìwí? Ẹyẹ tí a ń fura sí ni, bí ó bá ké lórí òrùlé, àwọn ìyá wa a fi í bú, wọn a sì ti ìlẹ̀kùn. Ìbẹ̀rù yẹn gba òwìwí sílẹ̀ ju ìfẹ́ tí a wá fi hàn sí i ní Texas lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a kórìíra máàpù. Ohun tí a rí gbà nínú rẹ̀ pọ̀. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Ní ọgbà Kruger ní South Africa, tí fífẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ 20,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, pátákó kan máa ń wà ní ibùdó àwọn àlejò, tí wọ́n ya máàpù ọgbà sí lára. Ẹni tó bá rí kìnnìún lówùúrọ̀ yóò lọ fi àmì aláwọ̀ sí ojú ibi tó ti rí i, ẹni tó bá ń jáde lọ́sàn-án yóò wò ó kí ó tó mú ọ̀nà pọ̀n. Ní ọdún 2002, Yunifásítì Cornell àti ẹgbẹ́ Audubon dá eBird sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ. Ní ọdún 2008, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Berkeley ní California bẹ̀rẹ̀ iNaturalist, tó ń gba ohun gbogbo wọlé, ìbáà ṣe ejò, labalábá, olú tàbí koríko. Lónìí, ẹni tó bá ní fóònù lè mọ ohun tí àwọn ènìyàn rí ní ọgbà kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀.

Ibi tí ìjà wa wà ni pé ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n kà. Àmì nìkan ni a ń wò. A rí àmì, a sáré tọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wúlò jù nínú máàpù wọ̀nyí kì í ṣe àmì rárá, ìgbà ni, àti irú ilẹ̀. eBird ní àtẹ kan tó pín oṣù kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, tó ń fi hàn ọ̀sẹ̀ tí ẹyẹ kan ń dé àti ọ̀sẹ̀ tí ó ń lọ. Ẹni tó bá ka àtẹ yẹn fún High Island, tó wà létí òkun ní ìhà ìlà-oòrùn wa, yóò rí i pé àárín oṣù Kẹrin ni àwọn ẹyẹ kéékèèké aláwọ̀ mèremère ń ya wọlé. Àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ti fò kọjá òkun láti ìhà Mexico láìsinmi, bí òjò tàbí afẹ́fẹ́ àríwá bá wá pàdé wọn létíkun, wọn a wó lulẹ̀ sórí igi bí ẹni tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu. Ẹni tó mọ èyí kò nílò àmì kankan. Yóò wo ojú ọjọ́, yóò lọ lọ́sàn-án, yóò jókòó jẹ́ẹ́, ẹyẹ yóò wá bá a. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò lọ ní oṣù Keje pẹ̀lú àmì lọ́wọ́, yóò sì padà wálé wí pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ẹ jẹ́ kí á tún sọ èyí tí àwọn tó ń lo máàpù fúnra wọn kì í sábà rò. Máàpù ẹranko kì í fi ibi tí ẹranko wà hàn wá, ibi tí ènìyàn ti rìn dé ni ó ń fi hàn. Ẹ wo Brazos Bend, ọgbà ìjọba Texas tó wà lẹ́bàá Needville, tí wọ́n ṣí fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1984, tó sì tó nǹkan bí 5,000 éékà. Bí ẹ bá wo máàpù ọ̀nì níbẹ̀, àmì pọ̀ bí eéṣú létí Elm Lake àti 40-Acre Lake. Ṣé ibẹ̀ nìkan ni ọ̀nì ń gbé ni? Rárá o. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ẹsẹ̀ dára, ibẹ̀ ni a lè gbé ọkọ̀ sí nítòsí. Àwọn ọ̀nì tó wà nínú irà tí ènìyàn kì í dé, wọn kò lámì. Nítorí náà nígbà tí gbogbo wa bá ń tẹ̀lé àmì, ibi kan náà ni a ó máa tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹranko díẹ̀ kan náà ni a ó máa dà láàmú, a ó sì máa fi àmì tuntun kún ti àtijọ́, kí ẹlòmíràn lè tún wá.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ ọ̀nì, ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìwà wa burú jù. Ọ̀nì ti ilẹ̀ yìí ni à ń sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní alligator. Ní ọdún 1967, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nítorí awọ rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bàtà àti báàgì, ìjọba àpapọ̀ wá kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu. Wọ́n ṣọ́ ọ títí di ọdún 1987 kí wọ́n tó kéde pé ó ti bọ́. Òfin ọgbà ní kí a fi 30 ẹsẹ̀ bàtà sí àárín àwa àti òun. Òfin Texas ní kí ẹnikẹ́ni má fún un ní oúnjẹ, ẹni tí wọ́n bá mú lè san tó 500 dọ́là. Kí ni a wá rí nígbà tí ẹgbẹ́ jáde lọ ṣeré? A rí baba ọlọ́mọ mẹ́ta tó ju egungun adìẹ sí ọ̀nì, kí ó lè la ẹnu fún fídíò. Nígbà tí a bá a sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, ṣebí ó ti yó, ó ń sùn ni." Ọ̀nì tó dùbúlẹ̀ sínú oòrùn kì í ṣe pé ó sùn. Ó ń yá oòrùn ni, bí a bá sì sún mọ́ ọn jù, eré rẹ̀ lórí ìwọ̀nba ilẹ̀ díẹ̀ yá ju ti bàbá oníkùn lọ. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni pé ọ̀nì tó bá ti mọ̀ pé ènìyàn ní oúnjẹ lọ́wọ́, kò ní bẹ̀rù ènìyàn mọ́. Ọjọ́ kan yóò tọ ọmọ ọlọ́mọ wá. Ọjọ́ náà ni àwọn aláṣẹ yóò pa á. Egungun adìẹ kan ló fà á, ẹni tó jù ú ti wà nílé rẹ̀, ó ń jẹun.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án, ewu náà a tún lé sí i, nítorí ìgbà yẹn ni ọmọ ọ̀nì ń pa. Wọ́n kéré, ilà aláwọ̀ òféefèé wà lára wọn, wọ́n wuni láti gbé lọ́wọ́. Ìyá wọn kì í jìnnà. Àmì "ọmọ ọ̀nì wà níbí" tí a bá fi ránṣẹ́ sí àwọn ìdílé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́, ìkésíni sí ẹnu ìyá náà ni.

Ó yẹ kí a dá àwọn tó ń ta kò wá lóhùn. Àwọn kan ní, "Owó orí wa ni wọ́n fi ń tọ́jú ọgbà. Ìmọ̀ ti gbogbo ènìyàn ni. Èéṣe tí a ó fi máa pa á mọ́? Àwọn òyìnbó ló fẹ́ fi ẹyẹ ṣe ti ara wọn nìkan." A mọ àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ọlọ́gbọ́n ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe òfo pátápátá. Òótọ́ ni pé nígbà tí a bá pa ojú ibi kan mọ́ lórí máàpù, kì í pamọ́ fún gbogbo ènìyàn bákan náà. Àwọn tí wọ́n ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ aláwòyẹ, tí wọ́n mọ ara wọn, a máa sọ ọ́ sí ara wọn létí. Àlejò bíi tiwa, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ni a ó fi sílẹ̀ síta. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ kì í ṣe kí a tú àṣírí ìtẹ́. Ọ̀nà rẹ̀ ni kí a lọ mọ̀ wọ́n. Ní Brazos Bend, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni wà tí wọ́n máa ń mú àlejò rìn ní òpin ọ̀sẹ̀, wọn kì í bèèrè ibi tí a ti wá. Mélòó nínú wa ló ti bá wọn rìn rí?

Ẹ̀wẹ̀, ẹ sọ fún wa, nígbà wo ni ọdẹ Yorùbá di ẹni tí ń pariwo ibùgbé ẹran sí etí ọjà? Ọdẹ tó mọ ibi tí ẹran ń sùn sí kì í sọ ọ́ láwùjọ. Kì í ṣe ìmọtara-ẹni-nìkan nìkan ni. Ó mọ̀ pé bí gbogbo abúlé bá mọ̀ ọ́n, ní ọ̀la kò ní sí ẹran níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Àwa ọmọ ọmọ ọdẹ wá gba fóònù tán, a ń sọ gbogbo ohun tí ojú rí, a ń fi àmì sí i, a ń kọ wákàtí mọ́ ọn.

Àwọn tó ń ṣe máàpù gan-an ti mọ ewu yìí ṣáájú wa. Láti ọdún 2017, bí ẹnikẹ́ni bá kọ ẹyẹ tí àwọn apẹyẹ ń wá sínú eBird, máàpù kò ní fi ojú ibẹ̀ hàn, ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó 20 kìlómítà ni yóò fi hàn. iNaturalist náà a máa ju àmì ẹranko tó wà nínú ewu sí ibikíbi nínú irú ilẹ̀ fífẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Kruger, a kì í fi àmì àgbáńréré sára pátákó, nítorí àwọn tó ń pa á fún ìwo rẹ̀ náà mọ̀wé kà. Ní ọdún 2016 sì ni àwọn aláṣẹ ọgbà ilẹ̀ South Africa ké gbàjarè lórí àwọn ètò inú fóònù tí ń sọ ibi tí ẹranko wà: ọkọ̀ ń sáré ju òfin lọ láti lọ bá kìnnìún, wọ́n ń tẹ ẹranko pa lójú ọ̀nà, àwọn awakọ̀ ń bá ara wọn jà níwájú ẹkùn. Eré tí òfin gbà níbẹ̀ kò ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ọ̀dà. Kì í ṣe òyìnbó tó ń fi ẹyẹ ṣe ti ara rẹ̀ ni èyí.

Ẹ jẹ́ kí á mú un wálé, kí ó lè yé wa yékéyéké. Odídẹrẹ́ ni ẹyẹ wa, òun ló ní ìkóódẹ tí àwọn oníṣẹ̀ṣe ń fi sórí ìyàwó òrìṣà. Kí àwọn ọmọ wa tó mọ̀ ọ́n lójú, àwọn olówò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o tán ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Igi kan náà ni odídẹrẹ́ máa ń padà sí láti sùn, ihò igi kan náà ni ó ń yé sí. Ẹni tó bá ti mọ igi náà, àtè àti àwọ̀n ni ó kù. Ní ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Johannesburg ní ọdún 2016, wọ́n fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ṣé ẹni tó ní kí a fi gbogbo nǹkan hàn lórí máàpù yóò fi igi odídẹrẹ́ hàn pẹ̀lú? Bí ó bá ní rárá, a ti jọ gbà pé ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ pa mọ́, ibi tí a ó ti fa ìlà nìkan ló kù láti jíròrò.

Àwọn ará ilé tilẹ̀ ti fa ìlà náà. Iṣẹ́ kan ń lọ ní Nàìjíríà láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, láti ya máàpù gbogbo ẹyẹ orílẹ̀-èdè náà. Ilé ìwádìí Leventis ní Jos wà nídìí rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ aláwòyẹ sì ń ṣe é káàkiri ìpínlẹ̀. Wọn kò fi àmì sí orí igi. Wọ́n pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin tó tó 9 kìlómítà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá rìn nínú rẹ̀ yóò kọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tó rí sílẹ̀, ó tán. Irú máàpù bẹ́ẹ̀ sọ ohun gbogbo tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa ẹyẹ Nàìjíríà, kò sì sọ ihò ẹyẹ kankan fún ẹnikẹ́ni.

A kò sọ pé gbogbo nǹkan ni kí a bò. Àwọn àdán abẹ́ afárá Waugh Drive ńkọ́? Wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000 rí, inú ìlú gan-an ni wọ́n wà, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde bí èéfín. Kò sí àṣírí níbẹ̀, àwọn ènìyàn a máa jókòó sí etí odò Buffalo Bayou láti wò wọ́n. Ariwo wa kọ́ ni ọ̀tá wọn. Omi ìjì Harvey ní ọdún 2017 ló pa púpọ̀ nínú wọn. Ní High Island náà, wọ́n ti kọ́ ibi ìdúró sí òdìkejì omi, a lè máa wo lékeléke àti ẹyẹ aláwọ̀ òdòdó tí ẹnu rẹ̀ dàbí ṣíbí lórí ìtẹ́ wọn láti òkèèrè. Ọ̀nì tó wà nínú omi náà ló ń ṣọ́ wọn, kò jẹ́ kí ràkúnù lúwẹ̀ẹ́ lọ kó ẹyin wọn. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀. Ẹ fi gbogbo ẹnu ròyìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ mìíràn wà tí ó kù díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ wa wá a. Ní ìtòsí Eagle Lake, ìjọba àpapọ̀ ní ilẹ̀ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹyẹ tó fara jọ àparò wa, tí wọ́n ń pè ní Attwater's prairie chicken. Ó ti tó mílíọ̀nù kan rí lórí pápá etíkun yìí. Ní ọdún 1996, èyí tó kù nínú ìgbẹ́ kò pé 50. Ọgbà ẹranko Houston wà lára àwọn tó ń sìn ín, tí wọ́n sì ń dá ọmọ rẹ̀ padà sí pápá. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́wàá bá tẹ pápá náà nígbà tí abo rẹ̀ ń sàba, a ti lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àfojúbà mìíràn wà tí kò yẹ wá.

Nítorí náà, a ti bá àwọn olóyè ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ìwé ìròyìn yìí kò sì ní tẹ ojú ibi ìtẹ́, ihò tàbí ọmọ ẹranko kankan jáde. Ẹni tó bá rí nǹkan, kí ó kọ orúkọ ọgbà àti oṣù, ó tó. Bí ó bá fẹ́ fi sórí eBird tàbí iNaturalist, kí ó dúró títí ọmọ yóò fi jáde kúrò nínú ìtẹ́, tàbí kí ó yàn pé kí wọ́n bo ojú ibẹ̀. Kí ó sì pa ẹ̀rọ tí ń kọ ojú ibi mọ́ àwòrán nínú fóònù rẹ̀, nítorí àwòrán náà a máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹni. Ní ìjáde wa sí High Island, bọ́ọ̀sì kan ni a ó gbà dípò ọkọ̀ mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá tan igbe ẹyẹ láti inú fóònù yóò jókòó sínú bọ́ọ̀sì títí a ó fi ṣetán, bí ó ti wù kí oyè rẹ̀ ga tó.

Arákùnrin tó fi àmì òwìwí ránṣẹ́ ti tọrọ gáfárà, ó sì ti pa á rẹ́ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan tí a kò mọ̀ rí pè wá láti Dallas, ó ní òun ń bọ̀ ní Houston ní òpin ọ̀sẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òwìwí náà ṣì wà lórí igi yẹn.